Èló Ni Gbèsè Náà?

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kétu, nílẹ̀ Benin, bí a bá ti gba Àdúrà Olúwa tán nínú Míísà, kò ní pẹ́ tí àlùfáà yóò ní kí a fún ara wa ní àmì àlàáfíà. Gbogbo ènìyàn á yí sọ́tùn-ún, wọ́n á yí sósì, wọ́n á máa bọ ara wọn lọ́wọ́. Àwọn ọmọdé á máa sáré láti orí bẹ́ǹṣì kan dé òmíràn kí ọwọ́ tí wọ́n bọ̀ lè pọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú kan, mo yí ẹ̀yìn padà, ọwọ́ mi sì ti nà kí ojú mi tó rí ẹni tí mo nà án sí. Ìyá àgbàlagbà kan ni, ó wé gèlè funfun, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ìyá ọ̀rẹ́ mi tó sá gbèsè lọ ni. Ó di ọwọ́ mi mú, kò tètè fi í sílẹ̀. Ó ní, "Àlàáfíà Olúwa, ọmọ mi." Ẹnu mi dáhùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi tutù bí omi inú àmù. Nígbà tí mo yíjú síwájú, mo fi ọwọ́ náà nu ara ìró mi, bí ẹni tó fọwọ́ kan ẹ̀gbin. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tí mo sì dìde lọ gba Ara Olúwa.

Kò sẹ́ni tó rí mi. Èmi ni mo rí ara mi.

Ìyá Ìbejì la máa ń pe ọ̀rẹ́ mi náà. Láti ìgbà ọmọge la ti jọ ń pàtẹ, èmi aṣọ, òun gààrí àti àgbàdo. Òun ló gba ọmọ mi kejì lọ́wọ́ agbẹ̀bí kí èmi tí mo bí i tó rí i. Ní 2016, àwa obìnrin márùn-ún kó ara wa jọ, a lọ yá owó lọ́wọ́ àwọn tó ń yá àwọn ọlọ́jà lówó. Irú owó bẹ́ẹ̀, a kì í fi ilé tàbí ilẹ̀ dógò fún un. Àwa fúnra wa la fi dógò: bí ẹnì kan kò bá san, àwọn yòókù ni yóò san án. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣe aṣáájú, kí ó fọwọ́ síwèé ṣáájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Èmi ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí wọ́n bi mí pé ta ni mo lè dúró fún, orúkọ Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi.

Oṣù mẹ́ta ló san. Ní oṣù kẹrin, mo dé ìsọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá àpótí ìjókòó rẹ̀ ní dídojúdé. Wọ́n ní ó ti gba ọ̀nà Ìlárá kọjá sí Nàìjíríà lóru, òun àti àwọn ọmọ. Ìyá tó bí i pàápàá kò mọ̀.

Àwọn mẹ́ta tó kù ní èmi ni mo mú un wá, kí n gbé ẹrù mi. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn kò gbà. Mo san 218,500 sẹ́fà, oṣù mẹ́rìnlá ni mo sì fi san án. Mo ra ìwé kan, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò, mo kọ gbogbo rẹ̀ sí i: ọjọ́ tí mo san, iye tí mo san, ohun tí mo tà kí n tó rí i san. Àǹkàrá méjì tí ọkọ mi rà fún mi nígbà ìsìnkú bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo ti rà sílẹ̀ de ọmọbìnrin mi wà níbẹ̀. Ọmọ náà ti kọ́ṣẹ́ parí lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ó ku kí n san owó òmìnira kí wọ́n gbàdúrà fún un, kí ó máa dá iṣẹ́ ṣe. N kò rí owó náà san. Ó tún lo ọdún kan gbáko lọ́dọ̀ ọ̀gá, ó ń rán aṣọ tí ẹlòmíràn ń gba owó rẹ̀. Láyé àtijọ́, ìwọ̀fà là bá pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Èyí náà wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n n kò kọ iye kankan síwájú rẹ̀.

Ìwé yẹn ni mo ń sùn tì. Bí oorun bá dá lójú mi lóru, n á tú u, n á máa kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni ń ka Sáàmù. N á máa bá Ìyá Ìbejì jà nínú òkùnkùn, n á sọ tèmi, n á sọ tirẹ̀, n á tún dá a lẹ́bi. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, àyà mi á ti máa lù bí ẹni tó sáré.

Lọ́dún kejì, ẹbí rẹ̀ kó ara wọn wá sílé wa. Wọ́n gbé obì wá, wọ́n mú àgbàlagbà méjì tí n kò lè gbójú sókè wò lẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ọ̀rọ̀ kì í tóbi títí ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu la fi ń sọ ọ́. Ẹ bá wa gbà á bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ó tán." Ọkọ mi wò mí. Gbogbo wọn wò mí. Mo kúnlẹ̀, mo ní ó ti tán. Wọ́n súre fún mi, wọ́n pa obì, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n lọ. Lóru ọjọ́ náà mo tú ìwé mi, mo kà á.

Mo fẹ́ sọ èrò mi lórí èyí láìfi bò, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí ti jókòó níwájú irú obì bẹ́ẹ̀ rí. A ń kánjú jù kí ọ̀rọ̀ tán. Lójú wa, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló ń da ilé rú bí kò bá tètè gbà, a kì í rántí ẹni tó ṣẹ̀. Àwọn oníwàásù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: wọn yóò ní kí o dárí jì, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀, wọn kò sì ní bi ọ́ léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo ní ó ti tán yẹn, n kò dárí ji ẹnikẹ́ni. Irọ́ ni mo pa níwájú àwọn àgbà, nítorí pé ojú tì mí láti sọ pé ó ṣì ń dùn mí.

Nínú ọ̀sẹ̀ tí mo nu ọwọ́ nù ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo lọ jẹ́wọ́. Àsìkò Lẹ́ńtì ni, Fádá kan láti ìjọ mìíràn ló wá bá wọn gbọ́ ìjẹ́wọ́. Mo sọ fún un pé mo ní ẹnì kan sínú, pé mo ti gbìyànjú, kò lọ. Mo ń retí kí ó ní kí n lọ gba Rósárì. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Èló ni, màmá?"

Mo rò pé n kò gbọ́ ọ dáadáa. Ó tún un bi. Mo ní 218,500 sẹ́fà.

Ó ní, "Kí ló tún bá a lọ?"

Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bi mí ní èyí rí. Mo sọ ti àǹkàrá. Mo sọ ti ẹ̀rọ. Mo sọ ti ọmọ mi tó rán aṣọ fún ọdún kan lọ́fẹ̀ẹ́. Mo sọ pé n kò ní ọ̀rẹ́ kankan mọ́, pé bí ẹnì kan bá ti sún mọ́ mi, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń wò. Ẹkún gbà mí débi pé àwọn tó tò sẹ́yìn lè gbọ́ mi. Ó jẹ́ kí n sunkún tán. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ dárí rẹ̀ jì báyìí. Ẹ lọ sílé, ẹ ka Mátíù orí 18, láti ẹsẹ 21. Ẹ má kánjú kà á."

Mo ti gbọ́ àkàwé yẹn láti kékeré, ìyẹn ti ọmọ ọ̀dọ̀ tí ọba dárí jì tó lọ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́rùn. N kò kánjú lọ́tẹ̀ yìí. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ló sì dá mi dúró: ọba kan tí ń fẹ́ gba ìṣírò lọ́wọ́ àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìṣírò ló kọ́kọ́ wáyé. Ọba kò ní kí wọ́n gbàgbé, kò ní kò tó nǹkan. Ó jẹ́ kí wọ́n ka iye náà síta, ẹgbàárùn-ún tálẹ́ńtì, lẹ́yìn èyí ló fi í jì í.

Mo wá jókòó bí ọlọ́jà, mo ṣírò. Dénárì kan ni owó iṣẹ́ òòjọ́ alágbàṣe nígbà ayé Jésù. Tálẹ́ńtì kan tó nǹkan bí 6,000 dénárì. Ẹgbàárùn-ún tálẹ́ńtì yóò sì jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ ní ọ̀nà 60,000,000, ohun tí ènìyàn kan kò lè san bí ó bá ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ fún ohun tó ju 160,000 ọdún lọ. Ọgọ́rùn-ún dénárì ni ẹlẹgbẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ náà jẹ ẹ́. Nínú gbogbo ìwàásù tí mo ti gbọ́, wọ́n máa ń sọ pé owó kékeré ni. Kì í ṣe owó kékeré o. Iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ni. Nígbà tí mò ń san gbèsè Ìyá Ìbejì, èrè mi lójúmọ́ kì í ju 2,000 sẹ́fà lọ. Bí a bá pín 218,500 sí ọ̀nà 2,000, ọjọ́ 109 ni. Mo wo iye náà lórí ìwé, orí mi wú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ẹni inú àkàwé náà dọ́gba. Jésù mọ bí ohun tí mo pàdánù ti pọ̀ tó, kò fojú kéré rẹ̀. Ó kàn gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, kí n fojú ara mi wò ó.

Nínú Àdúrà Olúwa bí a ti ń gbà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀ṣẹ̀ la ń dárúkọ. Ṣùgbọ́n Mátíù nínú Bíbélì Yorùbá sọ pé, "Dárí gbèsè wa jì wá, bí àwa ti ń dárí ji àwọn onígbèsè wa." Inú mi dùn pé Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a túmọ̀ rẹ̀ fi gbèsè síbẹ̀. Ọkùnrin yẹn mọ ohun tí wọ́n ń pè ní iye. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Ọ̀ṣogùn, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n tiẹ̀ fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Ní 1853 ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ Kétu wa yìí, ó wá kí Alákétu, Ìhìn Rere ló sì gbé wá. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kọ̀wé pé kí a dárí ji onígbèsè, mo lè gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Bàbá mi, tó jẹ́ olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti fi ohun kan náà hàn mí láìmọ̀. Ní 1989, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ há nílẹ̀ wa, oṣù ń gorí oṣù, ilé wa sì mọ̀ ọ́n, nítorí ẹ̀kọ tútù la ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́. Nígbà tí Àpérò Orílẹ̀-Èdè bẹ̀rẹ̀ ní Kùtọ̀nú ní ọjọ́ 19 oṣù Èrèlé ọdún 1990, tí Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza jókòó bí alága, bàbá mi gbé rédíò sórí ìdérí àmù, kò sì kúrò nídìí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi jókòó. Àwọn ènìyàn ń dìde, wọ́n ń sọ ohun tí ojú wọn ti rí láti 1972 tí Kérékou ti gba ìjọba, gbogbo ilẹ̀ ń gbọ́. Ní òpin rẹ̀, Ààrẹ Kérékou gba ohun tí wọ́n fẹnu kò sí, àwọn náà sì gbà pé wọn kò ní wọ́ ọ lọ ilé ẹjọ́. Ẹ̀jẹ̀ kò ta sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi bínú, ó ní wọ́n ti fi olè sílẹ̀ lọ. Bàbá mi ní, "Wọ́n ti kà á sétí rẹ̀. Ó ti gbọ́ ọ. Ìyẹn tó mi." Ọmọdé ni mí nígbà náà, mo rò pé ó ti rẹ bàbá mi ni. Lẹ́yìn tí mo jẹ́wọ́ ni mo mọ ohun tó ń sọ.

N kò fa ìwé mi ya. Mo mọ̀ pé bí mo bá fà á ya lọ́jọ́ kan, n á tún un kọ sọ́kàn lọ́jọ́ kejì. Ohun tí mo ṣe ni pé ní alaalẹ́ Lẹ́ńtì yẹn, mo mú bírò, mo ka ìlà kan sókè sétí Ọlọ́run, iye rẹ̀ àti ohun tó gbà lọ́wọ́ mi, mo wá ní, "Mo fi èyí jì í," mo sì fa ìlà gba orí rẹ̀. Ìlà kan lálẹ́ kan. Àwọn mìíràn rọrùn. Ti àǹkàrá le, ó gbà mí ní alẹ́ mẹ́ta. Ní alẹ́ mìíràn ọwọ́ mi kọ̀, mo pa ìwé dé, mo sùn pẹ̀lú ìbínú mi, n kò sì díbọ́n fún Ọlọ́run.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Àjíǹde dé, mo kan ìlà tí kò ní iye, ti ọdún tí ọmọ mi lò. Mo di bírò mú títí, mo wá rí i pé gbèsè yìí kì í ṣe tèmi. Báwo ni n óò ṣe fi ohun tí wọ́n jẹ ẹlòmíràn jì? Láàárọ̀ mo gba ilé ọmọ náà lọ. Ó ti ní ìsọ̀ tirẹ̀ báyìí, ó ní ọmọ iṣẹ́ méjì. Mo bá a nídìí ẹ̀rọ, mo sọ ohun tó gbé mi wá. Kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ náà. Ó ní, "Màmá, èmi ti gbàgbé ọdún yẹn tipẹ́. Ẹ̀yin ni ẹ máa ń rán mi létí."

Ó kan fẹ́ sọ òtítọ́ ni, kò bú mi. Ṣùgbọ́n mo padà sílé ní ẹsẹ̀, n kò lè gun ọ̀kadà. Ọmọ tí mo rò pé mò ń gbèjà rẹ̀, èmi ni mò ń so ó mọ́ ọdún yẹn lójoojúmọ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo fa ìlà náà, lẹ́yìn náà mo bẹ Ọlọ́run kí ó dárí ji èmi náà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Bí Ìyá Ìbejì bá wá lónìí pé kí n dúró fún òun, n kò ní dúró. Ìwé Òwe kìlọ̀ fún wa nípa ṣíṣe onígbọ̀wọ́, n óò sì gbọ́ ìkìlọ̀ náà. Pé mo pa gbèsè àná rẹ́ kò ní kí n fọwọ́ sí ti ọ̀la.

Àlàáfíà kò dé lọ́jọ́ tí mo fa ìlà tó gbẹ̀yìn. Mo retí rẹ̀, mo tiẹ̀ jókòó dè é. Oorun ló kọ́kọ́ padà. Lẹ́yìn náà mo ṣàkíyèsí pé mo ti ń fi ọkàn tán àwọn oníbàárà mi díẹ̀díẹ̀. Bí a bá kí ara wa lédè wa pé "Ṣé àlàáfíà ni?", ara la kọ́kọ́ ń béèrè, bóyá ó le, bóyá orí kò fọ́. Ọ̀rọ̀ náà bá wa wá láti inú èdè Lárúbáwá, àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Mùsùlùmí sì ń lò ó bíi tiwa. Mo fẹ́ràn pé ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni a fi túmọ̀ èyí tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Fílípì: àlàáfíà Ọlọ́run, tí ó ju ìmọ̀ràn gbogbo lọ, yóò ṣọ́ ọkàn àti èrò yín. Nínú ara mi ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Ó ní yóò ṣọ́ ọ. Àwa ará Kétu mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ṣíṣọ́. Àkábà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ tó ti yàrà àti odi ìlú lẹ́yìn, ṣì wà níbẹ̀. Ìsọ̀ mi kò jìnnà sí i. Ní 1886, àwọn ọmọ ogun Dànhọ̀mẹ̀ wọ ìlú yìí, wọ́n jó o, wọ́n kó àwọn baba ńlá wa lọ sí Àgbómì, olú ìlú wọn. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dànhọ̀mẹ̀ ni àwọn tó kù padà wálé tí wọ́n tún ìlú tẹ̀ dó. Lónìí, àwọn Fọ̀n, àwọn ọmọ Dànhọ̀mẹ̀ náà, ń bá wa tajà, wọ́n ń fẹ́ ọmọ wa, a ń fẹ́ tiwọn. A kò gbàgbé, ìyá ìyá mi lè ka àwọn tí kò padà láti Àgbómì lórúkọ. Síbẹ̀ ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnubodè kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ènìyàn. Ó kàn ń wo ohun tó ń wọlé ni. Ìrántí Ìyá Ìbejì ṣì ń wá sọ́dọ̀ mi, ó ń kan ilẹ̀kùn, pàápàá lóru. Kò rí ibi tẹ́ní sí mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ ra gààrí ní Ìlárá. Mo rí i kí ó tó rí mi. Ó ti gbẹ, irun iwájú rẹ̀ ti funfun. Àyà mi lù bíi ti ìjọ́sí, mo dúró níbẹ̀ títí ó fi rọlẹ̀ kí n tó sún mọ́ ọn. Nígbà tó rí mi, ó kúnlẹ̀ sínú eruku láàárín ọjà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi." Mo dúró de àlàyé. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń retí rẹ̀. Kò ṣe àlàyé kankan. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

Mo ní kí ó dìde, mo ní mo ti pa á rẹ́.

Ó wò mí. Ó ní, "Gbogbo ẹ̀?"

Mo ní, "Gbogbo ẹ̀. 218,500, àti ohun tó bá a lọ."

Mo wá bi í pé èló ni igbá gààrí kan. Ó ní òun kò ní gba owó lọ́wọ́ mi. Mo ní bí kò bá gbowó, n ó lọ rà á lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ó dá iye lé e, mo ná an, ó já díẹ̀ kúrò. Ó wọn igbá mẹ́wàá sínú àpò mi. Lẹ́yìn náà ó bu èènì, ó dà á lé e, ó tún bu òmíràn, ó tún bu òmíràn, kò sọ̀rọ̀, títí àpò náà fi kún dé ẹnu tí okùn tí mo mú wá kò fi lè ká a mọ́. Ó tú ọ̀já ìdí rẹ̀, ó fi di ẹnu àpò náà fún mi, ó gbé e rù mí.

Ọ̀já náà ṣì wà nílé. Mo ti fọ̀ ọ́, mo ti ká a. N ó mú un lọ fún un ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀.